Ata Tó Wà Lẹ́yìn Òkúta

Ẹ kọ́kọ́ pa fóònù yẹn kí ẹ tó ní kí n sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kí ohùn mi wà nínú àpò ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì bi mí léèrè ohun tó ṣe ojú mi ọ̀tún tó pọ́n yìí, a ó dé ibẹ̀. Ẹ wá bá mi ní Ìnísà níbí, ẹ gbé ọsàn àti búrẹ́dì dání, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ẹ ní kí Bàbá kọ́ yín bí a ṣe ń mọ ère òkúta àtijọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú. Mo dúpẹ́ ọsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bèèrè ibi tí ọdẹ àdúgbò máa ń jókòó sí, kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ bá a ṣeré. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí ojú wa ń ríran dé kí ẹ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo ti rí irú yín rí.

Màá sọ fún yín bó ti wù kó rí. Ẹ ó gbọ́ ọ tán, ẹ ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, nítorí ohun tó tú àṣírí òkúta kan tí wọ́n gbé wá sí Òkukù, kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ nínú yín.

Ẹ̀yin kò mọ ohun tí ọlọ jẹ́. Inú bùlẹ́ńdà ni ẹ rò pé ata ti ń wá. Nígbà tiwa, agboolé tó bá ní ìyàwó mẹ́fà, ọlọ mẹ́fà ló ní, wọ́n á tò wọ́n sẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé, ìyá ọlọ nísàlẹ̀, ọmọ ọlọ lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohùn wọn la fi ń mọ ilé tó ti jí àti ilé tí ọ̀lẹ wà. Obìnrin tó ń bínú, ìlọta rẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìdálẹ̀, tirẹ̀ náà yàtọ̀. Lónìí, maṣíìnì kan á jókòó sí oríta, á máa pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, ata tó bá jáde nínú rẹ̀ á máa rùn bẹntiróòlù, ẹ ó sì jẹ ẹ́, ẹ ó ní ó dùn. Ọlọ tí ìyá yín àgbà fi bọ́ bàbá yín, òun lẹ fi ń há ilẹ̀kùn kí ewúrẹ́ má baà wọlé.

Bí wọ́n bá ti ń lo ọlọ, ojú rẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀. Ata á máa yọ̀ kiri lórí rẹ̀, kò ní kúnná. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń wá àwa aṣálọ. Iṣẹ́ wa ni pé ká fi òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣá ojú ọlọ káàkiri, kó lè padà mú. Ará Ìkìrun ni ọ̀gá mi, ọkùnrin gbígbẹ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ òsì sì ti fọ́. Láti Ìkìrun la ti máa ń bọ̀, a ó gba ojú irin wá sí Ìnísà, a ó tún gba ojú irin lọ sí Òkukù, a ó máa fò láti orí pákó kan sí èkejì. Bí rélùwéè bá fọn fèrè lókèèrè, a ó bọ́ sínú koríko, a ó dúró títí á fi kọjá. Bí a bá wọ ìlú, ọ̀gá mi á kan òòlù mọ́ ọmọ ọlọ kan tó máa ń gbé dání, kọ̀-kọ̀, kọ̀. Àwọn obìnrin á ti mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí fóònù nígbà náà, síbẹ̀ kò sí ohun tó bọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: ojú kò gbọdọ̀ wo òòlù. Èérún òkúta ló fọ́ ojú tirẹ̀, kò sì fẹ́ kó fọ́ tèmi. “Di ojú rẹ,” á wí, “etí ni kó o fi ṣá a, ọwọ́ òsì ni kó o fi wò ó.” Ọwọ́ òsì á máa ṣáájú, á máa fọwọ́ pa ojú òkúta wò, òòlù á máa tẹ̀ lé e. Èmi náà rò pé ẹ̀tàn ni, títí mo fi ṣá ìka ara mi, èékánná kan lọ, kò padà hù mọ́ títí dòní. Ẹ wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Láàárín ọdún mẹ́ta, bí o bá gbé òkúta lé mi lọ́wọ́ tí o sì di mí lójú, màá sọ bóyá àpáta Ìkìrun ló ti wá tàbí etí odò.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ wá gbà nìyí. Òkúta tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn kì í jẹ déédéé. Ibi tí wọ́n ti ń dì í mú á jọ̀lọ̀, ibi tí ọwọ́ kò dé á ṣì rí gúngun. Èyí tí wọ́n fi maṣíìnì tí wọ́n fi ń gé táìlì ilẹ̀ ṣe, ìlà rẹ̀ á lọ gbọọrọ, jíjìn rẹ̀ á dọ́gba, nítorí maṣíìnì kì í rẹ̀, ọwọ́ èèyàn sì máa ń rẹ̀. Wọ́n á da omi bátìrì sí i lára kó lè ṣá, wọ́n á rì í mọ́ ààtàn, wọ́n á fi èéfín àti òrí pa á. Imú á gbọ́ ọ. Erùpẹ̀ tó wà nínú ojú ère gidi, abẹ́rẹ́ lẹ ó fi wá a. Ti ayédèrú, omi gbígbóná á gbé e lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ó tán. Ẹ rò pé ó tó yín báyìí, àbí? Ẹ jókòó.

Agboolé kan wà ní Òkukù tí mi ò ní dárúkọ, torí àwọn tó ni ín ṣì wà láyé. Wọ́n ní ère òkúta kan, obìnrin tó kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Òkúta tó rọ̀ ni, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọlọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ bí pátákó. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, àwọn ìyàwó ilé máa ń pọn omi odò Ọ̀tìn wá, wọ́n á fi wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń fọ gbogbo ìyá ọlọ ilé, torí wọ́n ní Ìyá Àgbà kì í dá nìkan wẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á tò wọ́n sínú oòrùn, wọ́n á sì dojú Ìyá Àgbà délẹ̀ láàárín wọn kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbẹ. Orin wọn lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́dún kan, ọ̀gá mi mú mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìwẹ̀ yẹn gan-an. Òun lọ sí agboolé kejì, ó fi mí sílẹ̀ kí n máa ṣá ti agboolé yìí. Àwọn obìnrin ti padà sódò lọ pọn omi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ní ibà nínú ilé. Ọmọ náà ké, Àwẹ̀ró ní, “Ọmọ aṣálọ, bá mi fojú síbẹ̀, kí n fún ọmọ yìí ní àgbo.” Ó wọlé.

Mo di ojú mi. Mo ṣá ọlọ kìíní, mo ṣá èkejì, mo ṣá ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo dé ọ̀kan, òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ohùn rẹ̀ kò jáde bó ṣe yẹ. Ọlọ burúkú ni mo pè é nínú ara mi, mo tún wá kan án mọ́lẹ̀ kíkankíkan. Mo ti ṣá ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kí n tó la ojú. Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Wọn ò tíì fọ àwọn ọmọ ọlọ, ata àárọ̀ ṣì wà lára wọn. Mo mú ọ̀kan, mo fi ń lọ ojú ibẹ̀ kí ihò òòlù lè pòórá. Òkúta náà rọ̀, ó tètè jẹ, ó di kòtò kékeré. Àwọn ihò tó wà nísàlẹ̀ kòtò náà kò tán, ata sì wọnú wọn. Mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń bọ̀. Mo dá ọmọ ọlọ padà sí ibi tí mo ti mú un, mo sá lọ síbi ọlọ ìkẹyìn, mo tún di ojú.

Ọmọ ọlọ Àwẹ̀ró ni mo mú. Mi ò mọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, bí mo bá mọ̀, ì bá ṣì jẹ́ bákan náà.

Wọ́n gbé Ìyá Àgbà nílẹ̀, wọ́n rí kòtò, wọ́n rí ata. Wọ́n wo ọmọ ọlọ tó funfun fún ìyẹ̀fun òkúta. Wọ́n ní Àwẹ̀ró fi Ìyá lọ ata. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ta ló wá wà níbẹ̀? Ó yíjú sí mi láàárín gbogbo wọn, ó ní, “Ọmọ aṣálọ, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé o rí mi kí n lọ ata?”

Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan. Dídì lojú mi wà.”

Ọ̀gá mi ti dé nígbà náà. Ó ní òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe kọ́ mi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti lé Àwẹ̀ró padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìgbàyè. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọmọ ilé wọn ni. Kò padà wá mọ́. Ìgbàyè ló kú sí. Wọ́n fi aṣọ bo Ìyá Àgbà, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, ẹnikẹ́ni kò tún rí kòtò náà mọ́ ju ìtàn rẹ̀ lọ. Ẹlẹ́jọ́ kì í mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi mọ tèmi lẹ́bi, mi ò kúnlẹ̀ rárá.

Ọjọ́ ń lọ. Ọlọ kú, iṣẹ́ wa kú tẹ̀ lé e. Àwọn olè wá gbé Ìyá Àgbà lọ, ó ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn ará ilé náà sunkún, wọ́n búra pé ọmọ ilé tó bá gbé e padà wá ni yóò jẹ baálé. Ìwà yín nìyẹn lóde òní, oyè lẹ fi ń wá òrìṣà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ ilé kan tó ń jẹ́ Ràṣídì gbé òkúta kan dé láti Ìkìrun, ó ní òun ti rí i. Wọ́n ní kí wọ́n wá ẹni tó ti fojú rí ti àtijọ́. Gbogbo àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti kú. Èmi nìkan ló kù. Wọ́n fi mí sínú bọ́ọ̀sì akérò lọ sí Òkukù.

Wọ́n kọ́kọ́ fún mi lóúnjẹ. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan nídìí ògiri, Ìyá Tinú ni wọ́n ń pè é, wọ́n gbé ọbẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó funfun bí omi ìṣanwọ́. Mo bi ẹni tó gbé oúnjẹ wá léèrè. Ó ní, “Bàbá, wọn kì í jẹ ata. Láti kékeré ni. Àwọn ọmọ ilé máa ń sọ fún wọn nígbà náà pé ata ìyá wọn ló lé ìyá wọn lọ.” Mo wo ojú obìnrin náà, mo rí Àwẹ̀ró. Mo ti àwo oúnjẹ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ràṣídì ṣí aṣọ lórí òkúta. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ iṣẹ́. Mo gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tutù. Imú ère ti jẹ bó ṣe yẹ kó jẹ. Mo gbóòórùn abẹ́ apá rẹ̀, mo ní, “Omi bátìrì ń rùn níbí.”

“Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni wọ́n ti bá mi tọ́jú ẹ̀, Bàbá,” Ràṣídì dáhùn. “Kí ni kó máa rùn, lọ́fínńdà?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ohun tí mo bá bèèrè ló ní ìdáhùn. Nígbà tó sú u, ó dojú òkúta délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yìn ẹ̀ nìyí o. Ẹ ẹ̀ rántí ibi tí wọ́n fi lọ ata?”

Kòtò ló wà níbẹ̀, kòtò dídán, ó jìn tó àwo ọbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ariwo ọpẹ́ sọ. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ìyá Tinú fi ìborùn bo ojú.

Mo ti ọwọ́ òsì mi bọ̀ ọ́. Ó jọ̀lọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ihò kan ṣoṣo. Ìtàn ilé ni agbẹ́ère náà gbọ́, ìtàn ilé ló sì gbẹ́. Irọ́ tèmi ló gbẹ́ sára òkúta. Bí mo bá ní òun ni, Ìyá Àgbà ti dé, Ràṣídì ti joyè, orúkọ mi wà bó ṣe wà. Àwẹ̀ró nìkan ni ẹ̀bi rẹ̀ yóò wá wà nínú òkúta títí ayé.

Mo ní, “Òun kọ́.”

Ràṣídì ní, “Kí ni ẹ̀rí yín? Ọlọ lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ère.” Ẹnì kan lẹ́yìn ní àgbà ti ń ṣarán. Òmíràn ní ta ló tiẹ̀ pè é wá.

Mo yọ òòlù mi nínú àpò. Ẹnu rẹ̀ ti kán láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ihò méjì ló máa ń dá lẹ́ẹ̀kan náà, ńlá àti kékeré, bí ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó tiro. Mo ṣá sìmẹ́ǹtì àtẹ̀gùn wọn, mo ní kí wọ́n wò ó. Mo ní, “Àmì yìí ló wà nísàlẹ̀ kòtò ẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Ẹnikẹ́ni ò fi lọ ata. Èmi ni mo ṣá a, èmi náà ni mo mú ọmọ ọlọ Àwẹ̀ró, mo fi bò ó mọ́lẹ̀.”

Ràṣídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì gọ̀. Ó ní, “Ẹ ti purọ́ láti ìgbà yẹn nìyẹn. Òpùrọ́ ni yín. Kí ló dé tá a fi máa gbà yín gbọ́ lónìí?”

Mo dá òòlù padà sápò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa pé ẹni tó pa irọ́ náà lè má rí ẹni gba òótọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Tinú ló dìde. Ó rìn dé ìdí òkúta, ó ti ìka bọ kòtò náà, ó fi nu ibi tó pọ́n, ó sì fi ìka kan ahọ́n. Obìnrin tí kò jẹ ata rí láti kékeré. Ojú rẹ̀ kún fún omi lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń wú ikọ́. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó yíjú sí Ràṣídì.

“Ó ta mí,” ni ó wí. “Ata tí ìyá mi lọ̀ kí eyín mi tó pé, ló ń ta mí lẹ́nu lónìí?”

Àwọn èèyàn Ràṣídì gbé òkúta náà jáde, ó tẹ̀ lé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì pè é padà. Ìyá Àgbà tòótọ́ kò tíì dé, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò dé.

Ẹ ti rí i báyìí. Gbogbo ohun tí ẹ wá kọ́, agbẹ́ère Ràṣídì mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ó sì ṣe é dáadáa. Ata tútù ló pa á. Ẹ máa lọ, ẹ kó ọsàn yín dání.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Tinú lọ́jọ́ náà, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Ó kọjá lára mi. Kò ní kí n dìde, kò ní kí n má dìde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níwájú ilé yìí, ọmọọmọ rẹ̀ gbé ọlọ tẹ̀ lé e. Ọlọ ìyá rẹ̀ ni. Ó ti dán bí dígí, ẹnikẹ́ni kò tún ṣá a láti ọjọ́ tí wọ́n lé ìyá rẹ̀. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, ẹ má fẹsẹ̀ kàn án. Kò kí mi. Ó ní kí n ṣá a, ata ni òun fẹ́ fi lọ̀. Mo ní ó dáa. Mo jókòó, mo mú òòlù, mo di ojú mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Ó ní, “Rárá o, Bàbá. Ẹ la ojú yín.”

Mo ti ṣá ìdajì, èérún òkúta sì ti ta sí mi lójú ọ̀tún yìí. Ìdajì ló kù.